Ya hak mai kì í ṣe paraga

Ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa Laos ní èdè wa lè fẹ́ túmọ̀ *ya hak mai* sí àgbo. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ kò bọ́ sí i. *Ya* ni oògùn, *hak* ni gbòǹgbò, *mai* ni igi. Egbòogi ló bá a dọ́gba. Àbí kí ni egbòogi, bí kò ṣe egbò igi?

Ẹ wò ó nínú gbólóhùn: *Mae tom ya hak mai*, “Ìyá ń se egbòogi.” Ohun tó wà nínú ìkòkò náà lè jẹ́ gbòǹgbò *Eurycoma longifolia*, igi kékeré inú igbó tí wọ́n ń lò fún ibà. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sè é. Ó korò, ẹ má bi mí léèrè ṣúgà. Omi rẹ̀ la lè pè ní àgbo.

Bó bá jẹ́ inú ọtí ìrẹsì ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, orúkọ ti yí padà nìyẹn: *ya dong* ni. *Dong* ni kí a rẹ nǹkan kó lè pẹ́. Paraga gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá béèrè *ya hak mai* lọ́jà, ìdì gbòǹgbò gbígbẹ ni wọ́n máa nà sí i, kì í ṣe ife.