Ajílẹ̀, Óòtì àti Ikú Màlúù

Oúnjẹ òwúrọ̀ inú agolo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá mọ óòtì sí. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ a máa gé e ní tútù, tewé-tewé, tòun ti pòròpórò rẹ̀. Wọn a sá a gbẹ, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ fún màlúù de ìgbà òtútù. Ìtàn irúgbìn yìí àti ajílẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́.

Ní 1840, Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde nípa ohun tí irúgbìn ń jẹ nínú ilẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní náítírójìn tí afẹ́fẹ́ ń fún irúgbìn ti tó o. John Lawes àti Joseph Gilbert kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1843, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀rọ̀ náà wò nínú oko àlìkámà ní Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oko ni ó parí ìjà náà: ibi tí a bu náítírójìn sí so ju ibi tí a kò bu ú sí lọ. Ní 1909, Fritz Haber rí ọ̀nà láti fi náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe amóníà; ní 1913, ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Oppau. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ajílẹ̀ náà wá pọ̀ lọ́jà.

Kò sí àní-àní pé óòtì jàǹfààní. Ewé rẹ̀ gbòòrò, ó dú mìnìjọ̀, ìkórè pọ̀ sí i, purotéènì inú rẹ̀ náà sì lé kún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó tutù yọ̀yọ̀ ni ó ṣeé jẹ. Ní 1895, N. S. Mayo ti kọ̀wé ní Kansas, ní Amẹ́ríkà, nípa màlúù tí pòròpórò àgbàdo tí náítíréètì kún inú rẹ̀ pa. Ní àwọn ọdún 1930 sí 1939, óòtì gbígbẹ ni ó ń pa màlúù ní Colorado àti Wyoming.

Bradley, Eppson àti Beath ní Wyoming ni wọ́n tú àdììtú náà. Bí ọ̀dá bá dá, irúgbìn a máa fa náítíréètì láti inú ilẹ̀ ju èyí tí ó lè sọ di purotéènì lọ. Ìyókù a jókòó sínú pòròpórò. Sísá a gbẹ kì í mú un kúrò. Ní inú àpòlúkù màlúù, àwọn kòkòrò àìfojúrí a sọ ọ́ di náítíráìtì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé ọ́síjìn kiri ara. Ẹran a mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a di aláwọ̀ kòkó, a sì kú láàárín wákàtí díẹ̀.

Ajílẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń fà á, ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ a máa dá kún ewu náà. Nítorí èyí ni àwọn àgbẹ̀ tí ó mòye fi ń pín ajílẹ̀ bù díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń gé óòtì sókè díẹ̀ nítorí pé ìsàlẹ̀ pòròpórò ni náítíréètì pọ̀ sí jù, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹran tó jẹ ẹ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹni tí ó bá ń bọ́ ilẹ̀, kí ó rántí pé ẹran ni yóò jẹ ohun tí ilẹ̀ bá hù.