Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Bí awakọ̀ bàálù tuntun ṣe ń múra sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iléeṣẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ẹni tó bá ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ òfuurufú ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé ohun tó kù kò ju kó wọ ẹ̀wù funfun, kó sì máa gbé èrò láti Èkó lọ sí Àbújá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú bá gba awakọ̀ tuntun síṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, iléeṣẹ́ lè dá a padà sílé kí ó tó gbé èrò kan ṣoṣo, lẹ́yìn gbogbo owó tabua tí àwọn òbí ti ná.

ÌWÉ ÀṢẸ NÌKAN KÒ TÓ

Ní Nàìjíríà, iléèwé ìjọba tó wà ní Zaria, NCAT, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, ti kọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ níṣẹ́. Ọ̀kan tún wà ní Ìlọrin, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Bàálù kékeré ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò gbà ju èèyàn méjì sí mẹ́rin lọ. Ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfuurufú, ni pé ẹni tó fẹ́ fi bàálù wíwà ṣiṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kó sì ti fò fún wákàtí 200, tàbí 150 bí ó bá gba ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé àṣẹ tó ga jù, èyí tí ọ̀gá awakọ̀ bàálù ńlá gbọ́dọ̀ ní, ń béèrè wákàtí 1,500.

Ṣùgbọ́n Boeing 737-800 tó kún lè wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 79, ó sì lè gba èrò 189. Ìdí nìyí tí òfin fi sọ pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ọ̀tọ̀ fún irú bàálù ńlá tó bá fẹ́ wà. Ẹni tó gba ti Boeing 737 kò lè torí ẹ̀ gun ATR 72.

KÍ ỌJỌ́ ÌWỌLÉ TÓ PÉ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí awakọ̀ tuntun dúró di ọjọ́ àkọ́kọ́ kó tó ṣíwèé. Ẹ̀kọ́ iléeṣẹ́ ń sáré, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ìwé ìlànà bá ti tẹ ẹ lọ́wọ́, ohun mẹ́ta ló yẹ kó kọ́ sórí.

Àkọ́kọ́ ni òdiwọ̀n bàálù náà: eré tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ rù, gíga tí kò gbọ́dọ̀ fò jù.

Ìkejì ni ìgbésẹ̀ pàjáwìrì tí kò ṣeé dúró wo ìwé. Bí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá tú jáde lójijì níbi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 35,000, awakọ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 lọ kí ojú rẹ̀ tó ṣú. Ó gbọ́dọ̀ ti fi ìbòjú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bojú kó tó ronú ohun mìíràn.

Ìkẹta ni bí ọwọ́ ṣe ń tò lé ara wọn lórí àwọn bọ́tìnnì. Àwọn awakọ̀ máa ń lẹ àwòrán yàrá awakọ̀ mọ́ ògiri, wọn a gbé àga síwájú rẹ̀, wọn a sì máa fọwọ́ kan bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀. Kò náni ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ èrè rẹ̀ pọ̀.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ pé: ìwé ìlera ti ìpele kìíní, àmì èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò rẹlẹ̀ sí ìpele 4 nínú 6, àti ìwé ìrìnnà sókè òkun, nítorí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wa máa ń rán awakọ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè fún apá kan ẹ̀kọ́ náà. Bí iléeṣẹ́ bá gbé ìwé àdéhùn wá pé awakọ̀ yóò sìn wọ́n fún iye ọdún kan tàbí kó san owó ẹ̀kọ́ padà, kí agbẹjọ́rò kọ́kọ́ bá a kà á.

INÚ KÍLÁÀSÌ ÀTI SÍMÚLÉTỌ̀

Nínú kíláàsì ni wọ́n ti ń kọ́ òfin iléeṣẹ́, bí a ṣe ń pa iná, bí a ṣe ń kó èrò jáde, bí epo ṣe ń dé ẹ́ńjìnnì àti bí ẹsẹ̀ bàálù ṣe ń jáde. Ìdánwò ló ń tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn náà ló kan símúlétọ̀, ẹ̀rọ tó jọ yàrá awakọ̀ látòkèdélẹ̀, tó ń mì tó sì ń yí bíi bàálù gidi. Ó sábà máa ń gba wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan: ẹnì kan á wakọ̀ fún méjì, ẹnì kejì á máa ṣọ́ ọ, wọn á sì pààrọ̀. Olùkọ́ lè pa ẹ́ńjìnnì kan gẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí eré bàálù bá ti kọjá ibi tó ti lè dúró mọ́, kó wo bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe gbé e gbéra. Ó sì lè rán afẹ́fẹ́ tó ń yí ojú padà lójijì sí i.

Èyí kì í ṣe eré ọmọdé. Ní Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 29, ọdún 2006, bàálù ADC já ní Àbújá kété tó gbéra. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó kú. Àwọn olùwádìí sọ pé awakọ̀ gbéra nínú ojú ọjọ́ tí kò dára, kò sì lo ìlànà tó yẹ láti fi jáde nínú irú afẹ́fẹ́ náà.

KÍ ỌMỌDÉ LÈ SỌ̀RỌ̀ NÍWÁJÚ ÀGBÀ

Ohun tó ṣòro jù fún ọmọ Yorùbá lè má jẹ́ ẹ̀rọ rárá. Wọ́n ti tọ́ ọ pé kó má já àgbà níyàn. Nínú yàrá awakọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè pa èrò.

Ní Oṣù Kejìlá, ọjọ́ 28, ọdún 1978, bàálù United Airlines kan ń yí po lójú òfuurufú Portland ní Amẹ́ríkà nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní wàhálà. Ọ̀gá awakọ̀ gbájú mọ́ ẹsẹ̀ náà. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ rí i pé epo ń tán, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ kó le tó. Epo tán, bàálù já, èèyàn 10 sì kú. Lẹ́yìn ìpàdé tí NASA pè lọ́dún 1979, United bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní bí wọn ó ṣe máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lọ́dún 1981. Ẹ̀kọ́ yìí ti wá di dandan káàkiri àgbáyé.

Ọ̀wọ̀ kò ní kéèyàn má sọ òtítọ́. "Ọ̀gá, epo wa kò lè gbé wa mọ́, ẹ jẹ́ ká balẹ̀ báyìí," ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, òdodo náà wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí awakọ̀ tuntun ti máa fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu rẹ̀ láti ilé.

ÌGBÀ TÍ ÈRÒ BÁ WỌLÉ

Ẹni tó bá yege ní símúlétọ̀ yóò wá máa fò pẹ̀lú èrò gidi, olùkọ́ tó jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ yóò sì jókòó tì í títí wọn yóò fi dán an wò, tí wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ó tún di dandan kó máa padà sí símúlétọ̀ fún àyẹ̀wò, lọ́pọ̀ iléeṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò bá lè fara da kéèyàn máa dán òun wò kò tíì ṣetán láti gbé ẹ̀mí èèyàn dání.