Aago Ojú Ọ̀run àti Ilẹ̀ Ìdílé Yín

Ìtàn aago la gbé wá lónìí.

Ká ní ẹ wọ ọkọ̀ n'Ífẹ̀, ẹ ń lọ Ìbàdàn. Lójú yín, ẹni tó jókòó tì yín kò kúrò lójú kan. Lójú ìyá tó ń sun àgbàdo létí títì, ẹ̀yin méjèèjì ń sáré kọjá ni. Ta ló tọ̀nà? Tiyín tọ̀nà, tìyá náà tọ̀nà.

Lọ́dún 1905, Albert Einstein ní eré ìmọ́lẹ̀ nìkan ni kì í yàtọ̀, ì báà jẹ́ inú ọkọ̀ lẹ wà tàbí etí títì. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, àkókò fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀: aago tó ń sáré máa ń falẹ̀ lójú ẹni tó dúró.

Kí ló kan Ifẹ̀? Lọ́dún 1972, wọ́n dá RECTAS sílẹ̀ níbí láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò tí wọ́n yà látinú ọkọ̀ òfurufú ya màápù. AFRIGIST ni wọ́n ń pè é báyìí, inú ọgbà OAU ló wà. Aago ló wá yí iṣẹ́ náà padà.

Lọ́dún 1977, Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì NTS-2 lọ sókè láti dán ètò GPS wò. Àwọn kan ṣì ń ṣiyèméjì pé ọ̀rọ̀ Einstein kan aago yẹn. Wọ́n fi ohun tí yóò tún un ṣe sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tàn án fún nǹkan bí ogúnjọ́. Aago náà yá ju ti ilẹ̀ lọ, bí ìṣirò Einstein ṣe wí.

Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Eré sátẹ́láìtì GPS, nǹkan bíi kìlómítà 14,000 ní wákàtí kan, ń mú aago rẹ̀ falẹ̀ ní 7 nínú rẹ̀ lójúmọ́. Òòfà ilẹ̀ tí kò lágbára púpọ̀ lókè ń mú un yá ní 45. Ó ku 38. Ṣé ó kéré? Ìmọ́lẹ̀ á ti rin kìlómítà 11 láàárín ìyẹn, ó ju Lágéré sí géètì OAU lọ dáadáa.

Sọ̀fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ìdílé yín lónìí, GPS ló gbé dání. A sì mọ̀ n'Ífẹ̀ pé ààlà tó bá yẹ̀, ẹjọ́ ló ń bí. Ìṣirò ọdún 1905 wà lára ohun tí kò jẹ́ kó yẹ̀.