Ẹni Tí Ó Lẹ́rú Ni Ó Lẹ́rù? Àyẹ̀wò Ìgbésí-Ayé àti Iṣẹ́ Christoph Graupner, Olórin Ààfin Darmstadt (1683–1760)

1. Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa orin ilẹ̀ Jámánì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, orúkọ J. S. Bach ni ó sábà máa ń ṣíwájú. Àwọn kan sì gbà pé bí olórin kan bá di ẹni ìgbàgbé, a jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára tó ni. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé èrò bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. A ó lo ìtàn Graupner láti ṣàlàyé pé ọwọ́ ẹni tí ìwé orin bọ́ sí lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òkìkí àti ìgbàgbé.

2. Bí Graupner ṣe dé ààfin

Ìtòsí Kirchberg ní Saxony ni a bí i sí. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ St. Thomas ní Leipzig, ó kọ́ orin lọ́dọ̀ Johann Kuhnau, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì ìlú náà. Nígbà tí ogun Swídìn wọ Saxony ní 1706, ó lọ sí Hamburg, ó sì ń tẹ hapsikọ́ọ̀dù, irú dùùrù olókùn kan, ní ilé ópẹ́rà tí ó wà níbẹ̀.

Ní àkókò yìí, Jámánì kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni, olúkúlùkù sì ní aláṣẹ àti ààfin tirẹ̀. Ní 1709, Ernst Ludwig, ẹni tí ó jẹ oyè Landgrave ní Hesse-Darmstadt, gba Graupner síṣẹ́. Láìpẹ́, ó di olórí àwọn olórin ààfin.

3. Ọ̀rọ̀ Leipzig

Ohun tí Landgrave yìí ń ná lórí ààfin ju agbára rẹ̀ lọ. Kí ó tó di 1720, a ti dá ṣíṣe ópẹ́rà dúró ní Darmstadt, owó iṣẹ́ àwọn olórin kò sì jáde déédéé mọ́. Nígbà tí Kuhnau kú ní 1722, àwọn ará Leipzig kọ́kọ́ yan Telemann, ṣùgbọ́n kò gbà. Graupner, tí ó ní aya àti ọmọ láti bọ́, lọ fi orin dán ara rẹ̀ wò ní oṣù kìíní 1723, wọ́n sì fẹ́ gbà á. Landgrave kọ̀ láti yọ̀ǹda rẹ̀. Ó fi kún owó rẹ̀ dípò. Bach ni ó wá bọ́ sí ipò náà, Graupner fúnra rẹ̀ sì kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú Leipzig láti yin Bach.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Graupner ìbá ti já ara rẹ̀ gbà. Bach pàápàá ti lo nǹkan bí oṣù kan ní àtìmọ́lé ní Weimar ní 1717, nítorí pé ó tẹnu mọ́ ọn pé òun fẹ́ fi ààfin sílẹ̀. Olórin ààfin kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n kò lè lọ bí olúwa rẹ̀ kò bá sọ pé kí ó máa lọ.

Graupner jókòó sí Darmstadt títí dọ́jọ́ ikú. Kàntátà, ìyẹn orin ẹ̀sìn fún ohùn àti ohun-èlò, tí ó kọ ju 1,400 lọ. Símfónì rẹ̀ jẹ́ 113. Johann Conrad Lichtenberg, àna rẹ̀, ni ó kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú àwọn kàntátà náà. Díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni a tẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ fọ́ ní 1754, ó sì kú ní 1760.

4. Ẹjọ́ lórí ìwé orin

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ajogún rẹ̀ ní àwọn ni àwọn ni ìwé orin náà. Ìdílé Landgrave ní ti ààfin ni. Kókó ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i, ni pé: ṣé orin tí a gbọ́ ní ilé ìsìn nìkan ni owó iṣẹ́ Graupner rà, àbí ó ra ìwé tí ó kọ ọ́ sí pẹ̀lú? Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù. Ìdájọ́ tí ó parí ọ̀rọ̀ náà ní 1819 jọ òwe yìí, nítorí ìdílé Landgrave ni ó jàre.

Bí a bá fi èyí wé ti Bach, ohun kan yóò hàn kedere. Nígbà tí Bach kú ní 1750, ìdílé rẹ̀ ni ó pín ìwé orin rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìpín Wilhelm Friedemann fọ́nká, ọ̀pọ̀ kàntátà sì sọnù. Nǹkan bí igba ni ó kù lónìí. Ti Graupner wà ní Darmstadt, ó tilẹ̀ la bọ́ǹbù 1944 já. Síbẹ̀, àwọn ọmọ àti akẹ́kọ̀ọ́ Bach ń da orin rẹ̀ kọ, wọ́n sì ń fi kọ́ni, títí Mendelssohn fi darí orin Ìjìyà gẹ́gẹ́ bí Mátíù ní Berlin ní 1829. Inú àpótí ni ti Graupner wà.

5. Àgbálọgbábọ̀

Èrò tiwa ni pé agbára kan náà tí kò jẹ́ kí Graupner lọ sí Leipzig ni kò jẹ́ kí orin rẹ̀ jáde. Òun kan náà ni kò sì jẹ́ kí ó ṣègbé. Àwa tí a ń rí ìwé náà kà ní ibi ìkówèésí Darmstadt ni a jèrè. Àwọn ajogún ni ó sanwó rẹ̀. Kò yẹ kí onímọ̀ ìtàn gbàgbé gbèsè yìí, kò sì yẹ kí ó fi ìdákẹ́ àpótí ṣe ẹ̀rí pé orin inú rẹ̀ kò dára.