Òkúta Ìkookò

Nínú àpótí irinṣẹ́ bàbá mi ní Ayọ̀bọ̀, gílóòbù àtijọ́ kan ń bẹ níbẹ̀, irú èyí tí gbogbo ilé ń lò kí àwọn tí kì í gbóná tó gbòde. Okùn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti já. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí a fi ṣe okùn náà tí ó fi ń pọ́n yòò tí kì í yọ́. Wọ́n ní, "Tungsten ni. Ìwọ tí o ń kọ́ èdè, lọ wá ìtumọ̀ rẹ̀." Ohun tí mo wá rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ọ̀rọ̀ èdè Súwídìn ni tungsten. "Òkúta wíwúwo" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kejì ni wolfram, èyí tí a rí nínú wolframite, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn òkúta tí a ti ń yọ ọ́. Ìkookò wà nínú orúkọ yìí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òkúta yìí ni Georg Agricola ará Jámánì pè ní "ìfófó ìkookò" ní èdè Látìnì ní ọdún 1546.

Kí ni ìkookò ń wá nínú òkúta? Àwọn tí ń yọ́ tánganran ni wọ́n fi ìbínú sọ ọ́ lórúkọ. Wolframite àti òkúta tánganran a máa wà níbi kan náà. Méjèèjì dúdú, méjèèjì sì wúwo tó omi ní ìlọ́po méje. Ọ̀bẹ lè ha wolframite, kò lè ha èkejì. Bí wọ́n bá kó wọn pọ̀ sínú ìléru, púpọ̀ nínú tánganran a bá ìdàrọ́ lọ, bí ẹni pé ìkookò wọ agbo àgùntàn.

Ní 1783 ni Juan José àti Fausto Elhuyar, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, fi èédú yọ irin tuntun jáde láti inú olè yìí ní Bergara, ní ilẹ̀ Sípéènì. Irin wa lásán a máa yọ́ ní 1,538 digiri. Èyí kò ní yọ́ títí di 3,422. Ní nǹkan bí ọdún 1910, William Coolidge ní Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n fífà á tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Bí olè ṣe di fìtílà nìyẹn.

Ẹni tí ó bá gbẹ́ ilẹ̀ Ayọ̀bọ̀, iyanrìn àti amọ̀ pupa ni yóò bá pàdé. Ṣùgbọ́n ní Ririwai, ní ìpínlẹ̀ Kánò, wolframite àti tánganran jọ wà nínú akọ òkúta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní àwọn ibì kan ní agbègbè Jos. Nígbà tí Jàpáánì gba Málàyà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, tánganran wọ́n. Ìjọba amúnisìn bá fi túláàsì kó àwọn àgbẹ̀ Àríwá tí wọ́n lé ní 100,000 lọ wa kùsà ní Jos. Oko wọn wà nílé láìsí ẹni tí yóò ro ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣàìsàn, àwọn mìíràn kò sì padà.

Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Orúkọ òkúta yìí kò rò ó. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo ka ìtàn Jos tán, mo bi ara mi léèrè: ta ni ìkookò níbẹ̀, ṣé òkúta ni, àbí ẹni tí ó rán àgbẹ̀ lọ wà á?