Ojú Àlejò, Ojú Onílé: Àwòrán Ẹ̀yà Mìíràn nínú Ìwé àti Sinimá

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, 'Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.' Òwe yìí kì í ṣe èébú. Ohun tí ó ń kọ́ ni ni pé ènìyàn lè tẹjú mọ́ nǹkan títí, kí ó má sì mọ ohun tí ó ń wò. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá mú kálàmù tàbí ẹ̀rọ ayàwòrán, tí ó sọ àìmọ̀ rẹ̀ di ìwé tàbí sinimá, àṣìṣe ẹnì kan yóò di ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Báyìí ni àṣà fífi ìwà ẹnì kan ṣe òdiwọ̀n gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ṣe ń gbilẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ibi tí ó dára láti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i, òun náà sì ti fi eré orí ìtàgé dáhùn.

Frobenius ní Ilé-Ifẹ̀

Ní apá ìparí ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ń ṣe ìwádìí nípa àṣà àwọn ènìyàn Áfíríkà, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó mú kí wọ́n wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ó sì ra oríṣiríṣi ère lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú ohun tí ó rí ni orí idẹ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Orí Olókun. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ nípa bí ó ṣe ń kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní Ifẹ̀, wọ́n sì gba orí idẹ náà àti àwọn nǹkan mìíràn padà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ó kó ọ̀pọ̀ ère amọ̀ lọ sí Jámánì.

Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ṣe pàtàkì ju ohun tí ó kó lọ. Ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Jámánì ní 1912, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1913. Nínú ìwé náà, ó yin ẹwà àwọn ère Ifẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Ṣùgbọ́n kò gbà pé baba ńlá àwọn tí ó bá ní Ifẹ̀ ni ó ṣe wọ́n. Ó ní iṣẹ́ àwọn ará òkèèrè kan tí ó tan mọ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni. Ó ní àṣẹ́kù Atlantis, ilẹ̀ tí àwọn Gíríìkì sọ nínú ìtàn pé òkun gbé mì, ni òun rí. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ pé ó ba òun nínú jẹ́ pé irú àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ti rọ bẹ́ẹ̀ ni ó jogún irú ẹwà bẹ́ẹ̀. Ó yin iṣẹ́, ó bú ọmọ oníṣẹ́.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ní 1938, nígbà tí àwọn kan ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, wọ́n kan àwọn orí idẹ mìíràn tí ó ju mẹ́wàá lọ. Láti 1957 ni Frank Willett àti àwọn mìíràn ti ń wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó. Ìwádìí àwọn onímọ̀ fi hàn pé láàrin nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500 ni iṣẹ́ ọnà náà gbilẹ̀, àti pé ní Ifẹ̀ gan-an ni ó ti dàgbà, láti orí amọ̀ dé orí idẹ. Nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogbo Áfíríkà Ẹlẹ́ẹ̀kejì ní Èkó ní 1973, Orí Olókun ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀. Ní 1986, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm, ó mú ọ̀rọ̀ tí Frobenius kọ nípa àwọn ará Ifẹ̀ jáde ní iwájú àwọn tí ó pé jọ, láti fi hàn pé ènìyàn lè fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yà kan kí ó sì máa kẹ́gàn ẹ̀yà náà.

Láti inú ìwé dé inú sinimá

Ohun tí ìwé bẹ̀rẹ̀, sinimá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ìwé kà. Ní 1911 ni Edgar Wallace tẹ Sanders of the River jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1935, Zoltan Korda sọ ọ́ di sinimá. Nínú rẹ̀, òyìnbó aláṣẹ kan ṣoṣo ni ó ń pa àlàáfíà mọ́ láàrin ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn dúdú ní etí odò kan ní Nàìjíríà. Bí ó ti fi ẹsẹ̀ kan lọ fún ìsinmi, ìjà dé. Bí ó ti padà, ìjà parí. Oríṣi ènìyàn dúdú méjì ni ó wà níbẹ̀: ẹni rere ni èyí tí ó ń gbọ́ràn sí òyìnbó lẹ́nu, ìkà sì ni èyí tí kò gbọ́ràn. Paul Robeson, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó ṣe Bosambo, gbà láti kópa nítorí ó rò pé sinimá náà yóò gbé àṣà Áfíríkà ga. Nígbà tí ó rí ohun tí wọ́n fi í ṣe, inú bí i, ó sì kọ sinimá náà sílẹ̀.

Ọmọ Èkó kan náà kópa kékeré nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Orlando Martins, tí wọ́n bí ní 1899. Òṣèré kì í ní àṣẹ lórí ohun tí wọ́n bá fi ojú rẹ̀ sọ. Ẹni tí ó ni owó àti ẹ̀rọ ni ó ni ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Martins pẹ́ láyé tó láti rí àyípadà. Ní 1970, ó kópa nínú Kongi's Harvest, sinimá tí wọ́n ṣe láti inú eré Ṣóyínká, tí Ossie Davis, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, darí, tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi. Ìbéèrè inú sinimá yìí kì í ṣe bóyá ènìyàn dúdú lè ṣe àkóso ara rẹ̀. Ohun tí ó ń bèèrè ni irú olórí tí ó yẹ àwọn ènìyàn, àti ohun tí agbára máa ń sọ ènìyàn dà. Ìyẹn ni ìbéèrè tí a ń bi ẹni tí a gbà pé ó pé ní ènìyàn.

Irú ìjà kan náà ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn àròsọ. Joyce Cary, tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àríwá Nàìjíríà, tẹ Mister Johnson jáde ní 1939. Akọ̀wé dúdú kan, tí inú rẹ̀ máa ń dùn ṣáá, tí kò mọ òdiwọ̀n ara rẹ̀, tí ó sì ń sin ohun gbogbo tí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wà nínú rẹ̀. Òyìnbó tí ó fẹ́ràn ni ó sì fi ìbọn pa á níkẹyìn. Àwọn kan ní òkè òkun yin ìwé náà gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Chinua Achebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà á ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, wọn kò rí ẹnikẹ́ni tí wọ́n mọ̀ nínú rẹ̀. Achebe sọ pé ara ohun tí ó jẹ́ kí òun pinnu láti kọ ìtàn tirẹ̀ nìyẹn. Things Fall Apart jáde ní 1958.

Onílé náà ń wo àlejò

Kò tọ́ kí a rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń ṣe irú èyí. Ní 1826, nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin pe àwọn òṣèré láti dá a lára yá. Nígbà tí eré náà ń parí lọ, ẹnì kan jáde nínú ẹ̀kú ní àwọ̀ funfun báláú, ó tín-ín-rín bí ẹni tí òtútù ń pa, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áṣáà, ó sì ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìran náà dùn mọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń wo ojú Clapperton bóyá ó yé e. Ó yé e. Òun ni ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Àwọn alárìnjó kò fi mọ sí orí òyìnbó. Wọ́n ní ìran Ìdàhọ̀mì, ìran Tápà àti ìran Gàm̀bàrí, wọ́n sì ń sín ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jẹ nínú ìrìn, ìmúra àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìyàtọ̀ wà láàrin ẹ̀fẹ̀ tí a ṣe lójú ẹni, tí ẹni náà lè bá wọn rẹ́rìn-ín, àti irọ́ tí a pa mọ́ ni ní ìlú tí kò sẹ́ni tí yóò jà fún ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fẹ̀ bá pẹ́ jù, ó lè di ìdájọ́. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá òde òní, bí Hausa bá wọlé, a ti mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni yóò máa ṣọ́. Bí Ígbò bá wọlé, a ti mọ̀ pé owó ni yóò fẹ́ràn. Òǹkọ̀wé tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Òwò àtijọ́ ti Edgar Wallace ni ó ń bá a ṣe. Eré orí tẹlifíṣàn tí a pè ní The Village Headmaster, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 tí ó sì dúró títí di 1988, fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó ń gbé abúlé kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ahọ́n wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àti ìwà òmùgọ̀ kárí gbogbo wọn.

Ìdáhùn tí ó ti Ifẹ̀ wá

Ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà, Ọlá Rótìmí gbé The Gods Are Not to Blame jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn òṣèré Orí Olókun. Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ tí ẹgbẹ́ náà jẹ́: ère tí Frobenius fẹ́ kó lọ. Yorùbá ni baba Rótìmí, Ìjọ̀ ni ìyá rẹ̀. Bóyá èyí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ó rí ohun tí àwọn mìíràn kò rí nínú ìtàn Ọba Oedipus ti àwọn Gíríìkì, tí ó mú wá sí ilẹ̀ Yorùbá.

Nínú ìtàn ti Gíríìkì, ìjà ojú ọ̀nà lásán ni ó mú ọmọ pa baba. Rótìmí yí ìdí ìjà náà padà. Ọdẹ́wálé bá arúgbó kan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n ń wa iṣu lóko rẹ̀ nítòsí Ẹdẹ. Ó rọ́jú, ó fara da ọ̀rọ̀ iṣu náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí arúgbó náà fi ahọ́n rẹ̀ mọ̀ pé ará Ìjẹ̀kùn ni, tí ó sì bú ẹ̀yà Ìjẹ̀kùn pé ará oko ni wọ́n, sùúrù Ọdẹ́wálé tán, ó sì fi ọkọ́ ṣá a pa. Ọba Kútùjẹ́, baba tí ó bí i, ni arúgbó náà. Ìjẹ̀kùn tí Ọdẹ́wálé torí rẹ̀ pa ènìyàn kì í sì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Arúgbó náà rò pé àjèjì ni òun ń bú, ọmọ rẹ̀ ni ó bú. Níkẹyìn, Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà; àìlera tí wọ́n mọ̀ mọ́ òun ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà tètè máa ń ru òun sókè. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ní 1976, wọ́n ṣe Death and the King's Horseman ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ṣóyínká tí ó kọ ọ́ darí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1945, lẹ́yìn ikú Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládìgbòlù, ni ó dá lé. Dúró Ládiípọ̀ ti kọ́kọ́ fi ìtàn kan náà ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Ṣóyínká kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé kí wọ́n má sọ eré náà di ìjà àṣà òyìnbó pẹ̀lú àṣà dúdú lásán. Òyìnbó aláṣẹ inú rẹ̀, Pilkings, àti ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀ lọ sí òde ijó láìmọ ohun tí wọ́n gbé wọ̀. Àwọn ọmọdébìnrin ọjà náà sín ọ̀rọ̀ òyìnbó jẹ ní ojú ọlọ́pàá Àmúsà, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣèré Ọ̀yọ́ Ilé ti ṣe ní 1826. Ṣùgbọ́n Olúndé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin tí ó kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò bú àwọn òyìnbó lápapọ̀. Ó rí akíkanjú láàrin wọn, ó sì bu ọlá fún un. Ẹni tí ó mọ ilé méjèèjì ni ojú rẹ̀ là jù. Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ eré náà sí Yorùbá ní 1994. Ní 2022, sinimá rẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ Bíyí Bándélé, ẹni tí ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà kí sinimá náà tó dé gbangba.

Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìtàgé nìkan. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré Rótìmí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ilé ìtajà sì jóná. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, tí ó tún ru sókè ní 1981 àti láàrin 1997 sí 2000, fi hàn pé kò dìgbà tí àwọ̀ ara bá yàtọ̀ kí ènìyàn tó sọ aládùúgbò rẹ̀ di àjèjì. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n ní ìhà méjèèjì.

Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ni ní ìwé kan, tàbí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò, kò tó kí ó ka àwọn ẹ̀dá ìtàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ó bèèrè ojú ta ni òǹkọ̀wé fi wo àlejò inú ìwé náà. Bóyá àlejò náà ní orúkọ, ìrònú àti ìdí fún ohun tí ó ń ṣe, tàbí ahọ́n tí ó wúwo nìkan ni a fi mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí ó ya ọ̀rọ̀ ẹ̀dá ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára èrò òǹkọ̀wé: arúgbó tí ó bú Ìjẹ̀kùn kọ́ ni Rótìmí. Lẹ́yìn náà, kí ó bèèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ yóò sọ bí wọ́n bá bú ẹ̀yà rẹ̀ lójú oko. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ìwé àti sinimá tí ó dára wà lára ọ̀nà tí ọmọdé lè gbà dé oko náà.