Àwọn Tí Wọ́n Gbé Gẹ̀gẹ̀ àti Àwọn Tí Wọ́n Fojú Rénà: Ọmọ Yorùbá Nínú Ètò Yíyàn NFL

Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà nínú líìgì NFL pé jọ sí New York láti pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ní yunifásítì láàárín ara wọn. Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá ní pápá Oluyemi Kayode l'Adó-Èkìtì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, akoto wà lórí wọn, wọ́n sì ń kọlu ara wọn gidi. Cleveland Browns ló kọ́kọ́ mú, Courtney Brown ti Penn State ni wọ́n sì mú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, kó gbé e ṣánlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ènìyàn 254 ni wọ́n yàn láàárín ọjọ́ méjì. Adewale Ogunleye, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Brooklyn, ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Yunifásítì Indiana, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn 254 náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi máa fẹ̀yìn tì, Brown ti gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ ní ìgbà 19. Ti Ogunleye jẹ́ 67.

Àwọn tó ṣe ìdíwọ̀n yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń gbowó gidi lórí rẹ̀, wọ́n ń wo fídíò tọ̀sán-tòru, wọ́n ní dókítà, wọ́n ní téèpù, wọ́n ní aago. Ìtàn bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ gùn díẹ̀, ó sì kan àwọn ọmọ wa ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ.

Ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1936 ni ètò yíyàn yìí bẹ̀rẹ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì Ritz-Carlton ní ìlú Philadelphia. Bert Bell tó ni ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles ló dá a lábàá. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ kì í rọ́wọ́ mú, àwọn ẹgbẹ́ tó lówó sì ń kó gbogbo ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù lọ. Ó ní kí ẹgbẹ́ tó ṣe ìkẹyìn lọ́dún tó kọjá máa kọ́kọ́ mú, kí agbára lè pín dọ́gba. Wọ́n gbà fún un. Wọ́n yàn lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló sì wà níbẹ̀. Kò sí sikáòtù kankan, ìyẹn ẹni tí ẹgbẹ́ ń rán lọ wo àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù, nígbà náà. Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi mọ orúkọ, ẹni tó bá sì ní ọ̀rẹ́ ní yunifásítì kan á bi í léèrè. Jay Berwanger ti Yunifásítì Chicago, ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman ní ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Kò gbá bọ́ọ̀lù náà fún ẹgbẹ́ NFL kankan títí tó fi kú. Owó tó béèrè kò bá tiwọn mu, ó sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹni àkọ́kọ́ pàá nínú ìtàn ètò yìí kò wọ pápá fún ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Los Angeles Rams gba Eddie Kotal síṣẹ́ pé kó máa rìn káàkiri yunifásítì, kó máa fojú ara rẹ̀ wo àwọn ọmọ. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ kò bá dé, ojú kò lè rí i. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà tí àwọn yòókù kò gbà wọ́n wọlé. Àwọn sikáòtù kì í fi bẹ́ẹ̀ yà síbẹ̀. Bill Nunn, oníròyìn eré ìdárayá nínú ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier, ni ó mọ ibẹ̀ dunjú. Ọdọọdún ló máa ń kọ orúkọ àwọn tó gbayì jù lọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà, kó tó di pé Pittsburgh Steelers gbà á síṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Mel Blount ti Southern University wá ní 1970, ní ìpele kẹta. Ní 1974 wọ́n mú John Stallworth láti Alabama A&M ní ìpele kẹrin. Lọ́dún yẹn kan náà ni Donnie Shell, ọmọ South Carolina State tí ẹnikẹ́ni kò yàn, wọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní gbọ̀ngàn àwọn akọni bọ́ọ̀lù yìí ní Canton lónìí. Nunn náà darapọ̀ mọ́ wọn ní 2021, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Láàárín 1975 sí 1980, Steelers gba Super Bowl, ìyẹn ife àṣekágbá NFL, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Lójú tèmi, ìtàn Nunn yìí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n fojú rénà. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò fara pa mọ́. Gbangba ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò. Àwọn tó ń díwọ̀n ni kò lọ síbẹ̀.

Ní 1982, ní ìlú Tampa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn jọ sójú kan. Láti 1987, Indianapolis ni wọ́n ń ṣe é. Àyẹ̀wò ara ló kọ́kọ́ fà á, kí dókítà gbogbo ẹgbẹ́ lè yẹ orúnkún àti èjìká wò lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni ìdíwọ̀n ara wá gbalẹ̀. Ọmọ á sáré yáàdì 40, ìyẹn nǹkan bíi mítà 36 àti ààbọ̀. Á dùbúlẹ̀ gbé irin pọ́ùn 225 sókè títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Á fò, wọ́n á sì fi téèpù wọn ọwọ́ rẹ̀ láti orí àtàǹpàkò dé ọmọ-ìka tó kéré jù. ESPN ti ń gbé ètò yíyàn sórí tẹlifíṣọ̀n láti 1980. Nígbà tí Mel Kiper, atúpalẹ̀ ètò yíyàn, bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i níbẹ̀ ní 1984, ìdíwọ̀n àwọn ọmọ yunifásítì di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ń jiyàn lé lórí. Láti ìgbà náà ni orúkọ ọmọ kan ti lè máa gòkè tàbí kó máa já wálẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko láìgbá bọ́ọ̀lù kankan.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ wọ ètò yìí gba ẹnu ọ̀nà tí a mọ̀ wọlé: ẹsẹ̀. Obed Ariri, ọmọ Owerri, àti Donald Igwebuike ti ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Yunifásítì Clemson kí wọ́n tó di ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gba àárín òpó. Wọ́n yàn wọ́n ní 1981 àti 1985. Lẹ́yìn wọn ni Christian Okoye dé, ọmọ Enugu. Eré ìdárayá orí pápá ló gbé e lọ sí Azusa Pacific, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní California, discus ló sì ń jù. Ìgbà tí Nàìjíríà kò mú un lọ sí Olympics 1984 ló tó gbé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà mọ́wọ́, ó sì ti lé lógún ọdún dáadáa. Kansas City Chiefs yàn án ní 1987, òun ni ẹni 35. Ní 1989 kò sí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà tó o ní gbogbo NFL: yáàdì 1,480.

Ẹ̀yìn Okoye ni àwọn ọmọ Yorùbá rọ́ dé, pàápàá àwọn tí òbí wọn ti fìdí kalẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó yan Obafemi Ayanbadejo ní 1997, kò sì sí ẹni tó yan Brendon àbúrò rẹ̀ ní 1999. Brendon lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Kánádà kó tó rí àyè padà. Nígbà tó padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ ẹgbẹ́ àwọn àṣàyàn NFL, ó sì gba Super Bowl pẹ̀lú Baltimore Ravens ní oṣù kejì 2013. Ní ti Ogunleye, orúnkún tó bàjẹ́ ní ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní Indiana ló lé àwọn oníbàárà sá. Àwọn dókítà kò purọ́, orúnkún náà bàjẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ orúnkún máa ń san. Miami Dolphins gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní sùúrù fún un, ní 2003 ó sì gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ ní ìgbà 15, iye tí ẹnikẹ́ni kò tó ní gbogbo ìdajì NFL tí wọ́n ń pè ní AFC.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, kò sì yẹ ká fi pa mọ́ torí pé ọmọ wa ni. Amobi Okoye, tí wọ́n bí sí Anambra, tó sì dé Amẹ́ríkà ní ọmọdé, jáde ní Yunifásítì Louisville ní ọmọ ọdún 19. Houston Texans mú un ní 2007 gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹwàá, ọjọ́ orí náà sì wà lára ohun tó gbé owó rẹ̀ gòkè. Wọ́n rò pé bó bá mọ èyí ní 19, kí ni kò ní mọ̀ ní 24? Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìdàgbàsókè tí wọ́n san owó lé lórí kò dé, àìsàn ọpọlọ tó lágbára sì dá a dúró ní 2013. Nínú yíyàn kan náà, JaMarcus Russell ni Oakland Raiders fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ nítorí agbára apá rẹ̀. Ní 2010 wọ́n ti lé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí kò ṣàjèjì sí wa nílé. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, FIFA fòfin de Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tó yẹ kó wáyé lọ́dọ̀ wa sì bọ́ sọ́wọ́ Portugal. Ní Chile ní 2015, Kelechi Nwakali ló gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje àwọn tí kò tíì pé ọdún 17. Arsenal rà á, kò sì gbá bọ́ọ̀lù rí fún ẹgbẹ́ àgbà wọn. Victor Osimhen tó jẹ góòlù 10 níbẹ̀ lọ sí Jámánì, kò jẹ góòlù kan níbẹ̀ nínú líìgì, ẹgbẹ́ méjì ní Belgium sì kọ̀ ọ́ kí Charleroi tó gbà á. Ní 2023, òun ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Ẹgbẹ́ kan náà, kóòṣì kan náà, oṣù kan náà.

Láti 2017 sí 2024 ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá nínú yíyàn ti pọ̀ jù. Larry Ogunjobi ni ọmọ Yunifásítì Charlotte àkọ́kọ́ tí NFL yàn, ní 2017, nítorí pé ọdún 2013 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yìí. Folorunso Fatukasi ti UConn di ẹni 180 ní 2018. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Jacksonville Jaguars bá a ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 30 dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Ti 2023 ló yà mí lẹ́nu jù. Adetomiwa Adebawore ti Northwestern wọn pọ́ùn 282, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 4.49 sá yáàdì 40, ohun tí ẹnikẹ́ni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣe rí ní Indianapolis. Ẹni 110 ni wọ́n fi ṣe. Lọ́dún kan náà, Olusegun Oluwatimi ti Michigan ti gba àmì-ẹ̀yẹ Outland àti Rimington, méjèèjì tí wọ́n ń fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlà iwájú, ó sì di ẹni 154. Wọ́n rí ara ọ̀kan, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ èkejì, wọ́n ní ara rẹ̀ kò tó. Olumuyiwa Fashanu ti Penn State wọlé sókè ní 2024, ẹni 11, New York Jets ló mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé téèpù ní ọwọ́ rẹ̀ kéré.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìdíwọ̀n àwọn ọmọ wa ni pé wọn kì í béèrè ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yìí ní ọmọ ọdún mẹ́fà àti ẹni tó rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 16, orí òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n ń gbé wọn lé. Ade Aruna, ọmọ Àkúrẹ́, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló gbé e dé Amẹ́ríkà kó tó di ẹni 218 ní 2018. Efe Obada, tí wọ́n bí sí Nàìjíríà, tí ìyà sì jẹ ní ìgboro London nígbà èwe, gbá eré 5 péré fún London Warriors kí Dallas Cowboys tó pè é ní 2015. Ní 2017 NFL dá ètò àkànṣe sílẹ̀ fún àwọn tó wá láti òkè òkun, Obada sì wọ Carolina Panthers gba ibẹ̀. Ní eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2018, ó gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀, ó sì gba bọ́ọ̀lù mọ́ àwọn alátakò lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà 2022, NFL gbé àgọ́ ìdánwò wá sí Accra, Osi Umenyiora, agbábọ́ọ̀lù NFL tẹ́lẹ̀ rí, sì wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Nílé wa níbí, ìwé ni wọ́n fi ń wọn ọmọ ní Èkìtì láti ìgbà tí Christ's School ti dé ní 1933, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Òfin NFL pàápàá ní ọmọ gbọ́dọ̀ ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ọdún mẹ́ta kó tó lè wọ ètò yíyàn, nítorí náà ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń gba yunifásítì kọjá. Nígbà kan, àwa náà mọ bí a ṣe ń wo ibi gbogbo. Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 nínú àṣekágbá ife bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Áfíríkà ní Èkó ní 1980, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tó kàwé ní Poly Ìbàdàn jẹ méjì, Mùdá Láwàl tó ti kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì jẹ ìkẹta.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin kóòṣì, láti Fájuyì dé Baṣírí l'Adó-Èkìtì, ẹ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ bó ṣe jẹ́ gan-an, ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ eré sílẹ̀, ẹ sì tọ́jú fídíò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbowó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ fi orúkọ ọmọ yín sínú ètò yíyàn NFL, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Wọn kì í sanwó wọ ibẹ̀.